Rálọ́ńjì tó ń dá iná gé àti èyí tí à ń fọwọ́ pa: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Nítorí iná tí tẹlifíṣọ̀n, dékódà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń jẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lò wọ́n, irú rálọ́ńjì méjì, ìyẹn wáyà olójú púpọ̀ tí à ń ki ẹ̀rọ sí, ni mo ti náwó lé lórí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ìkejì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Èyí tó ń dá iná gé ní ojú kan tó jẹ́ ọ̀gá, àwọn ojú yòókù jẹ́ ọmọṣẹ́. Bí iná tí ohun tó wà lójú ọ̀gá ń fà bá ti kéré, á gé ti àwọn ọmọṣẹ́. Ẹ bá gbọ́ bí ẹni tó tà á fún mi ṣe ń pọ́n ọn!

Kò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ wà nínú "kéré" yẹn. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni mo fi jẹ ọ̀gá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníńkì sì ni ọmọṣẹ́. Bí bátìrì kọ̀ǹpútà bá ti kún, iná tó ń fà á lọ sílẹ̀, rálọ́ńjì á rò pé ọ̀gá ti sùn, á sì pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé tó há sínú rẹ̀ kọ́ ló dùn mí jù. Ẹ̀rọ oníńkì tí a bá fi bọ́tìnì ara rẹ̀ pa máa ń gbé orí rẹ̀ padà sáyè, á sì dé e. Bí iná bá já mọ́ ọn lójú, orí wà ní ṣíṣí, íńkì á gbẹ mọ́ ọn, bó bá sì tún tàn, íńkì náà ló máa fi fọ̀ ọ́. Lóṣù kan, katiríìjì méjì! Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jẹ wáàtì 5 tọ̀sán-tòru, nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí 44 ló ń jẹ lọ́dún. Ẹ fi iye tó wà lórí rẹ́sítì SBEE, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Benin, ṣírò rẹ̀, kẹ́ ẹ wá béèrè owó katiríìjì.

Oníbọ́tìnì, ojú kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́tìnì tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ, mo wá pa ojú rẹ̀. Ìgbàgbé nìkan ni wàhálà ibẹ̀, ọmọ mi sì ti ń rán mi létí.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, èyí tó bá ti Nàìjíríà wọlé, ẹsẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ ló ní. Ògiri wa, ẹlẹ́sẹ̀ róbótó ló ń gbà. Àdápítọ̀ tó bá ń mì máa ń gbóná, ẹ yẹra fún un. Áyọ́ọ̀nù àti fìríìjì, ẹ má kì wọ́n sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Kí n má rẹ́ ẹ jẹ: bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá jẹ ọ̀gá, tí ojú kọ̀ǹpútà àti sípíkà jẹ́ ọmọṣẹ́, èyí tó ń dá iná gé dára, bó bá ti ní ibi tí a ti lè yí ààlà rẹ̀, ìyẹn iye iná tó máa kà sí "kéré". Ẹ rántí pé òun náà ń jẹ iná díẹ̀, torí kì í sùn. Ẹni tó bá ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó wá gbé e.