Ọkọ̀ Beagle Inú Páálí: Igi Rẹ̀ Dára, Okùn Rẹ̀ Kù Díẹ̀ Káàtó

Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi kan ẹ̀dà kékeré ọkọ̀ ojú omi HMS Beagle ní yàrá mi ní Adó-Èkìtì, wákàtí méjì lálaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí iná bá wà. Ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ló ń ta páálí èlò rẹ̀, ní ìwọ̀n 1:60, tí ó túmọ̀ sí pé ohun tó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà lára ọkọ̀ gidi yóò di sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo lórí tábìlì. Iye tí mo san, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù, lé ní 300,000 náírà. N kò kábàámọ̀ owó náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ ṣáájú pé igi ọkọ̀ náà ni wọ́n fi gbogbo ọkàn ṣe, wọn kò bìkítà tó bẹ́ẹ̀ fún okùn rẹ̀, okùn sì ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ.

Èkìtì jìnnà sí òkun. Ìtàn Àjàyí Crowther ló fà mí sídìí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon tó gbà á sílẹ̀ lójú omi ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Mo wá páálí Myrmidon títí, n kò rí i. Beagle ni mo rí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, tí wọ́n sọ sómi ní Woolwich ní ọdún 1820. Irú rẹ̀ tí wọ́n kàn nígbà náà lé ní 100. Ìrìn àjò Charles Darwin, láti òpin ọdún 1831 sí oṣù Kẹwàá ọdún 1836, ló sọ èyí di olókìkí láàárín wọn. Nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ẹ̀yà ara ọkọ̀, mo rí i pé mo ti mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn láti kékeré: òpó ọkọ̀, ìgbòkun, ìtọ́kọ̀, ìdákọ̀ró. Inú Bíbélì tí Crowther fúnra rẹ̀ ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wà. Ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara pé ẹni tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ló fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lé wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin igi rẹ̀. Ara Beagle gidi gùn tó mítà 27.5; ẹ̀dà yìí gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 46, láìka igi gbọọrọ tó yọ síta níwájú rẹ̀. Egungun ẹ̀yìn kan ló wà nísàlẹ̀, àwọn egungun ìhà sì ń wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná lésà ni wọ́n fi gé wọn, wọ́n sì wọlé wẹ́kú, tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi sáńdípépà kàn ju mẹ́ta lọ nínú gbogbo wọn. Ìpele pákó méjì ló ń bo ìhà náà: ti abẹ́ nípọn tó mìlímítà 1.5, ti òde kò ju mìlímítà 0.6 lọ, ó pupa, ó sì ń dán. Inú omi gbígbóná ni mo ń rẹ pákó abẹ́ sí kí n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀ tó rí rogodo, mo sì ń fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ dì í mú títí glúù funfun yóò fi gbẹ. Pákó náà tẹ̀ láìdá. Ẹni tó bá ti lo pákó burúkú rí yóò mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí.

Àléébù méjì ni mo rí níbẹ̀. Egungun ẹ̀yìn dé ọwọ́ mi ní wíwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà mẹ́ta. Bí mo bá sì kan ìhà mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ni ìbá wọ́ sápá kan. Mo fi omi gbígbóná nù ún, mo tẹ́ ẹ sáàárín pákó méjì, mo gbé búlọ́ọ̀kù lé e fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì nà. Èkejì kì í ṣe ẹ̀bi ilé iṣẹ́ náà: nígbà tí ọyẹ́ dé, pákó òde súnkì, àlàfo sì là láàárín mẹ́ta nínú wọn. Káfíńtà kan ní Àjílósùn bá mi fá arère tín-ínrín bí bébà, òun ni mo fi dí i kí n tó kun ún. Ẹni tó bá ń kan ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa, kí ó rántí pé ọyẹ́ máa ń mú kí pákó òde súnkì.

Bíríkítí kéékèèké onígi tí okùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, méjìlá nínú wọn, kò sí nínú páálí. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni okùn. Oríṣi okùn méjì ló wà lára ọkọ̀ ìgbòkun. Àwọn kan kì í kúrò lójú kan. Iṣẹ́ wọn ni láti di òpó mú kí atẹ́gùn má baà wó o. Ọ̀dà ni wọ́n máa ń fi pa wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dúdú. Àwọn kejì ni àwọn atukọ̀ ń fà tí wọ́n ń tú láti gbé ìgbòkun sókè tàbí láti yí i padà. Àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ ní ọ̀dà púpọ̀, torí náà àwọ̀ okùn gidi ni wọ́n ní. Funfun báláú ni ilé iṣẹ́ náà fi ṣe ti kejì yìí, bí òwú tí a fi ń rán ṣẹ́ẹ̀tì. Òwú náà ń hu irun. Ó sì ń le nígbà òjò, ó ń dẹ̀ nígbà ọyẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí okùn tí mo fà le dáadáa ní oṣù Kẹfà fi rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ ní oṣù Kìíní.

Mo tú u dànù. Mo lọ sí Ọjà Ọba, mo ra òwú polyester tí àwọn tẹ́lọ̀ ń lò, dúdú àti búráùn, mo sì gbìyànjú láti lọ́ mẹ́ta pọ̀ di okùn. Bí mo bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ ló ń tú. Ìyá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, hun kíjìpá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú wọn tó di bàìbàì. Mo gbé e lọ bá wọn, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kò dúró.” Wọn kò tilẹ̀ wò ó, ìka ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní, “Apá kan náà lo lọ́ gbogbo rẹ̀ sí. Kọ́kọ́ lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sápá ọ̀tún títí yóò fi fẹ́ ká kò, kí o wá lọ́ àpapọ̀ wọn sápá òsì.” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tó ń ṣe okùn ọkọ̀ láyé ọjọ́un ṣe ń ṣe é: bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wá ọ̀nà láti tú, bẹ́ẹ̀ ni àpapọ̀ wọn ń lọ́ mọ́ra sí i, ìjà yẹn ló sì ń mú kí okùn dúró. Okùn tí mo lọ́ níwájú wọn lọ́jọ́ yẹn wà lára òpó àárín títí di òní, kò sì tíì dẹ̀.

Ìwé ìtọ́sọ́nà tún dá kún ìṣòro náà. Fún igi, ó ní àwòrán fún gbogbo ìgbésẹ̀. Fún okùn, àwòrán ńlá mẹ́ta péré ni, tí ìlà wọn kọjá lórí ara wọn bí òwú tí ọmọdé tú. Kò sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Mo ti so okùn márùn-ún mọ́ apá ọ̀tún òpó iwájú tán kí n tó rí i pé òpó ti tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ohun tó yẹ ni pé kí a so méjì sọ́tùn-ún, kí a so méjì sósì, kí a máa pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Gbogbo bíríkítí tí yóò wà lára ọ̀pá ìgbòkun ni kí a sì ti so mọ́ ọn kí ọ̀pá náà tó gòkè, nítorí pé ọwọ́ kò ní í ráàyè mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Nísàlẹ̀ okùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni igi rogodo olójú mẹ́ta wà tí wọ́n ń pè ní deadeye, èkejì rẹ̀ wà lára ọkọ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì fa méjèèjì mọ́ra. Kí wọ́n tò lọ́gbọọgba, mo tẹ wáyà kan tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ń wọ ojú igi náà, òun ni mo fi ń di ààyè wọn mú nígbà tí mo bá ń so òkè. Àkàsọ̀ okùn tí àwọn atukọ̀ ń gùn ló kù. Lára ọkọ̀ gidi, àlàfo àárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 38. Ní 1:60, mìlímítà mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Mo fa ìlà sára páálí funfun, mo fi há ẹ̀yìn okùn ẹ̀gbẹ́, mo sì ń ta kókó tẹ̀lé ìlà náà pẹ̀lú òwú tí mo ti fà gba inú ìda oyin. Bí kókó bá le jù, á fa okùn ẹ̀gbẹ́ wọnú, àkàsọ̀ á sì ní ìbàdí bí àdó. Mo tú ti ẹ̀gbẹ́ òsì òpó àárín lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí. Kókó náà lé ní 600. Lẹ́yìn ti àádọ́ta àkọ́kọ́, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀ ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ.

Aṣọ ìgbòkun inú páálí nípọn jù; n kò ta á, ọ̀pá lásán ni mo fi sílẹ̀, bí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀.

Ẹni tí kò kan ọkọ̀ rí lè ra páálí yìí nítorí igi rẹ̀, kò ní í já a kulẹ̀. Kí ó ra rílì òwú dúdú méjì àti búráùn mẹ́rin sílẹ̀ kí páálí tó dé, kí ó sì gbé egungun ẹ̀yìn lé orí gíláàsì lọ́jọ́ tó bá ṣí i kí ó wò ó bóyá ó wọ́, nítorí ọjọ́ 30 péré ni ilé iṣẹ́ náà fi ń gba ẹ̀sùn.