Mo kó lọ sí Free Fire nítorí oníbàárà

Tanke ni mo ti ń ṣe POS, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin ti ń wọ kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe pé géèmù ogun tí mo ń gbá lórí fóònù tẹ́lẹ̀ burú o. Àwọn oníbàárà mi ni kì í jẹ́ kí n gbá a parí. Ènìyàn 100 ló ń bọ́ sójú ogun níbẹ̀, ó sì lè tó 30 ìṣẹ́jú kó tó ku ẹnì kan. Kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi sá pamọ́ sí báyìí, Àlàájà kan á ti dé: "Ọmọ mi, bá mi yọ 5,000." Ọwọ́ mi á wà lára POS, ojú mi á wà nínú fóònù. Lọ́jọ́ kan, 6,000 ni mo kà fún ìyá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló dá 1,000 padà, ó ní, "Ìyẹn tí ò ń tẹ̀ yẹn, ṣé ó ń san owó fún ọ ni?"

Àbúrò mi tó wà ní Offa ló ní kí n wá sí Free Fire, géèmù ogun mìíràn. Fóònù tiẹ̀ ò lágbára láti gbé géèmù mi àtijọ́. Láti 2017 tí ilé-iṣẹ́ Garena ti gbé Free Fire jáde ni mo ti ń pè é ní eré ọmọdé, aṣọ wọn kúkú ń tàn yòò bí ti egúngún. Àmọ́ ènìyàn 50 péré ni, bí ìṣẹ́jú 10 ló sì ń gbà. Bí mo bá kú, mo kú náà nìyẹn, mo padà sídìí owó.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni gloo wall. Kí wọ́n ká ọ mọ́ gbangba, kò sí igi, kò sí ilé, ìwọ ṣáà jù ú sílẹ̀, ògiri á ta dìde níwájú rẹ. Ìbọn á máa dún gbàgbàgbà lára rẹ̀ títí á fi fọ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ yá ló ni ín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí "Booyah!", ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde fún ẹni tó bá borí, igbe tí mo ké, oníkẹ̀kẹ́ kan sáré wá, ó rò pé olè ló wọlé tọ̀ mí.

Aṣọ tí mo fi 8,000 náírà rà fún ọmọ ogun mi nínú géèmù àtijọ́ nìkan ló ń dùn mí. Kò ṣeé kó wá. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe tíì yọ géèmù náà kúrò lórí fóònù. Mo máa ń ṣí i lálẹ́ nígbà mìíràn, kí n wo aṣọ náà lọ́rùn ọmọ ogun mi, kí n sì tún tì í.