Ọmọkùnrin tó ń ki orin sí fláàṣì ní Agbowó

Láràárọ̀ Sátidé, tí aago bá ti lu mẹ́fà ààbọ̀, obìnrin bíi mẹ́rìnlélógún máa ń dúró dè mí lórí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Òjòó. Ẹni tó kéré jù láàárín wa ti lé ní ogójì ọdún. Èyí tó dàgbà jù ti ń sún mọ́ àádọ́rin, dókítà ló ní kó máa ṣeré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi télọ̀ ni mò ń darí wọn. Mo lè máa pariwo "ẹ gbẹ́sẹ̀, ẹ gbọ́wọ́" títí ọ̀fun mi á fi gbẹ, tí orin kò bá dáa, òfo ni. Orin tí wọ́n bá ti gbọ́ ní Sátidé mẹ́ta léraléra, ara wọn ni ẹ ó ti mọ̀: wọ́n á máa wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ru garawa omi. Àmọ́ tí mo bá fi èyí tí ẹnìkan ò gbọ́ rí sí i, ojú á là, ọrùn á nà, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè pé, "Ta ló kọ eléyìí?"

Bí orin tuntun ṣe di ohun tí mò ń wá kiri nìyẹn, bí ẹní ń wá ata tó dáa lọ́jà.

Fóònù ni mo kọ́kọ́ gbójú lé. TECNO ni mò ń lò, Boomplay ti wà nínú rẹ̀ kí n tó rà á. Ọmọ mi obìnrin tún bá mi fi Audiomack sí i, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe lè tọ́jú orin sórí fóònù kí n lè gbọ́ ọ lórí pápá láìná dátà. Méjèèjì ń wúlò fún mi títí dòní. Ọ̀dọ̀ mi ni ìṣòro wà: ẹni tí kò mọ orúkọ olórin tuntun, kí ló fẹ́ tẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń wá orin? Orúkọ tí mo mọ̀ náà ni mò ń tẹ̀, àwọn tí mo mọ̀ náà ni mò ń gbọ́. Ní ti TikTok, mo fẹ́ràn ìjókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń jó níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ibi tó dùn jù nínú orin. Èmi nílò orin tó dùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ẹsẹ̀ àwọn ìyá kì í dúró nígbà tí ègbè bá parí.

Obìnrin kan tó ń ta bàtà ní Bódìjà ló júwe ọmọkùnrin yìí fún mi. Agbowó ló wà, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kún sí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀: laptop méjì, sípíkà kan, fáànù kékeré kan, àti tábìlì tó to mẹ́mọ́rì káàdì àti wáyà ṣájà lé lórí. Pátákó tó wà níwájú kò ní orúkọ, àwòrán fláàṣì nìkan ló wà lára rẹ̀. Mo rò pé gbogbo oní-download náà ni yóò jẹ́: ẹ fún un ní fláàṣì, ó da igba orin sínú rẹ̀ bí ẹní da gààrí sínú àpò, ẹ sanwó, ó parí.

Fláàṣì mi kò tiẹ̀ tíì kúrò lọ́wọ́ mi tó fi bi mí pé, "Mọ́mì, ẹsẹ̀ ta ni orin náà wà fún?"

Mo ní ẹsẹ̀ àwọn ìyá. Ó bi mí bí ọjọ́ orí wọn ṣe tó, bóyá orí iyanrìn ni wọ́n ń dúró sí tàbí orí kọnkéré, bí a ṣe ń pẹ́ tó, àti irú sípíkà tí mò ń gbé lọ. Lẹ́yìn náà ó ní kí n rìn bí a ṣe máa ń rìn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, ṣùgbọ́n mo rìn ín níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fi ìka lu tábìlì tẹ̀lé ẹsẹ̀ mi, ó sì ń wo laptop. Virtual DJ tí ó ń lò níbẹ̀ máa ń kọ iye ìgbà tí ìlù orin kọ̀ọ̀kan ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ó ní ẹsẹ̀ mi wà ní nǹkan bí 100. Látìgbà tí mo ti ń darí eré ìdárayá, n kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ní nọ́ńbà.

Bó ṣe pín in fún mi lọ́jọ́ náà ni mo ṣì ń pín in títí di àkókò yìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, orin tó wà ní 100 tàbí tó fi díẹ̀ dín, ká fi máa rìn lójú kan. Àárín, amapiano. Ó ṣàlàyé fún mi pé orin yìí, tó wá láti South Africa, sábà máa ń wà ní 112 sí 115, ìyẹn ni pé ó yára ṣùgbọ́n kì í sáré. Ìlù ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní log drum a máa dún bí ẹní lu igi tí inú rẹ̀ ṣófo, ibẹ̀ ni ìbàdí sì ti ń gbà á. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè jó o láìfò sókè. Ìdí nìyí tí àárín fi gùn jù lọ́dọ̀ wa. Ìparí, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ni a máa ń fi mara sí, orin ìgboro Èkó tí àwọn DJ bíi DJ Khalipha máa ń lù, tó ń sáré bí ọ̀kadà tí bíréèkì rẹ̀ já. Màmá wa àgbà máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àkókò yẹn, á máa pàtẹ́wọ́ fún wa.

Ohun tó mú kí n máa padà lọ gan-an ni pé ó máa ń gbọ́ orin kó tó gbé e fún èèyàn. Ọmọ yìí lè sọ ibi tí ohùn ti rẹ̀ wálẹ̀, ibi tí ìlù ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tí àwọn ìyá á sì dúró máa wo ojú mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ Ayo Maff, ọmọ Bariga, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Ó fún mi ní Qing Madi àti Fola fún ìgbà tí a bá ń na ara kí oníkálùkù tó lọlé. Nígbà tí mo bi í bó ṣe ń mọ̀ wọ́n kí rédíò tó mọ̀ wọ́n, ó ní òun kì í dúró de ilé iṣẹ́ orin. Ó fi Ayra Starr ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n bí sí Kùtọnu: orí Instagram ló ti ń kọ orin olórin kí Don Jazzy tó rí i, ọdún 2021 ni ilé iṣẹ́ Mavin sì tó gbé e jáde. Ó ní ọgbà ilé ìwé gíga ni kí èèyàn fi etí sí. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ni Fireboy DML ti kàwé, ibẹ̀ náà ni Asake ti kọ́ nípa eré orí ìtàgé. Olamide gba Fireboy sí YBNL, ilé iṣẹ́ orin tirẹ̀, ní 2018, ó gba Asake ní 2022. Àwọn tí wọ́n jọ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ti ń gbọ́ wọn tipẹ́tipẹ́.

Èmi tí mo jó Shina Peters nígbà tí Ace jáde ní 1989, mo ti máa ń rò pé orin àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní gbòǹgbò. Mo ti yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ẹ tẹ́tí sí bí ègbè ṣe máa ń pọ̀ lẹ́yìn Asake, bí ẹgbẹ́ onífújì tó ń dáhùn ọ̀gá wọn. Ẹ tẹ́tí sí bí Seyi Vibez ṣe ń fa ohùn. Lọ́jọ́ tí mo fi tirẹ̀ sí i, màmá wa àgbà dúró ṣinṣin láàárín pápá, ó ní, "Ẹni yìí gbọ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá nílé bàbá rẹ̀." N kò lè sọ bóyá ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí màmá gbọ́.

Nínú oṣù kẹta ni mo bá orin kan nínú fláàṣì tí mi ò béèrè fún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Agbowó níbẹ̀ ló kọ ọ́, nínú yàrá tó fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Ọmọkùnrin inú orin náà ń dúró de iná kó lè lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó lọ rí ọmọbìnrin tó wù ú. Iná kò dé, ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní rírún, ọmọbìnrin náà sì jáde sí i pẹ̀lú aṣọ rírún tirẹ̀. Àwọn obìnrin mi rẹ́rìn-ín débi pé a pàdánù ìṣirò ẹsẹ̀. Nígbà tí mo tún un fi, gbogbo pápá ló ń gbe ègbè. Wọ́n ní kí n fi í lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó jẹ́ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gbé orin yìí sórí Audiomack, torí wọ́n máa ń jẹ́ kí olórin gbé tirẹ̀ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láìní ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí mo wò ó, àwọn tó ti gbọ́ ọ kò ju 214 lọ. Mo sọ fún àwọn tèmi, oníkálùkù wá a jáde lórí fóònù rẹ̀. Lánàá tí mo tún wò ó, ó ti lé ní 600. Èmi àti olórin náà kò tíì pàdé. Ó rán oní-download sí mi pé kí n bá òun kí àwọn ìyá òun ní pápá.

Ó níbi tí iṣẹ́ ọmọ oní-download yìí kù sí o. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń wà láàárín orin, á máa ké orúkọ ara rẹ̀ bí àwọn DJ ṣe ń ṣe, ibi tó dùn jù ló sì máa ń yàn. Mo ní mi ò fẹ́, ó yọ ọ́. Èyí tó dùn mí ju ìyẹn lọ ni Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, tí orin kan bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó wá di ọ̀rọ̀ rírùn nípa ara obìnrin ní ẹsẹ ìkejì. Ìyàwó pásítọ̀ wà láàárín wa, àmọ́ ká tiẹ̀ yọ tirẹ̀ kúrò, èmi náà kò fẹ́ kí ìyá àgbà máa jó sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sáré lọ pa á. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ìlù ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ ẹnu." Mo gbà á gbọ́. Kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó àwọn olórin ni mo ṣì ń bá a fà. Tí a bá da orin látinú laptop sínú fláàṣì, ẹni tó kọ ọ́ kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa ti 2022 sì sọ ọ́ gbangba pé olórin ló ni iṣẹ́ rẹ̀. Èmi télọ̀, tí ẹnìkan bá kó àwòṣe aṣọ mi lọ láìsanwó, mi ò ní dákẹ́. Mo ti sọ fún un pé mi ò gba orin àwọn ìlúmọ̀ọ́ká nínú fláàṣì mọ́, orúkọ wọn ni kó kọ sí ìwé fún mi, màá lọ gbọ́ ọ lórí fóònù, níbi tí ìgbọ́ mi á ti di owó fún wọn. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, kìkì èyí tí olórin fúnra rẹ̀ bá fi ránṣẹ́ sí i ni mò ń gbà. Ó gbà bẹ́ẹ̀ fún èmi. Kò tíì gbà bẹ́ẹ̀ fún gbogbo oníbàárà, mi ò sì ní yé sọ ọ́ fún un.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ₦1,500 ni mò ń san fún ọgbọ̀n orin tó tò tẹ̀léra wọn bí mo ṣe fẹ́, ó sì tọ́ sí i, torí etí rẹ̀ ni mò ń sanwó fún. Ẹ má lọ ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, èrò á pọ̀, kò ní ráyè bi yín ní ìbéèrè kankan. Àárọ̀ Túsìdé tàbí Ọjọ́bọ̀ ló dáa. Ẹ mú fláàṣì tiyín, kí ẹ sì sọ fún un kó fi FAT32, ìyẹn ọ̀nà kan tí fláàṣì fi ń to fáìlì, ṣe é, kí orin náà jẹ́ MP3, torí ọ̀pọ̀ sípíkà tí a ń gbé jáde kì í ka òmíràn. Orin ìsinsìnyí kúrú, ọ̀pọ̀ kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ní kó so wọ́n pọ̀ kí ìlù má baà já.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ gba ti Sátidé. Màmá wa àgbà ti rán mi níṣẹ́: ó fẹ́ dìde lórí bẹ́ǹṣì lọ́tẹ̀ yìí, kí n bá òun wá mara tó jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré.