Etí Ọ̀gá Mẹkáníìkì àti Sẹ́ńsọ̀: Èwo Ni Ká Fi Ṣọ́ Ẹ̀rọ?

Níbi tí a ti ń fún epo l'Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀gá mẹkáníìkì á fi ọ̀pá irin kan ẹ̀rọ, á fi etí ti orí rẹ̀ kejì, á ní: "Bíárìn yìí ti fẹ́ lọ." (Bíárìn ni òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀; gírísì ló ń jẹ́ kó máa yọ̀.) Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni. Etí, ọwọ́ àti kàlẹ́ńdà tó fi ń ka ọjọ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Owó gírísì nìkan ló ń ná ni. Àmọ́ ọ̀gá a máa sùn, a sì máa rìnrìn àjò.

Sẹ́ńsọ̀ kì í sùn ní tiẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mọ́tò, á máa wọn ìgbọ̀nrìrì àti ooru, á fi ránṣẹ́ sí fóònù. Ibi ooru yìí gan-an ni mo ti gbà fún un. Fún gírísì tó wọ́pọ̀, bí bíárìn bá ti gbóná kọjá 70°C, gbogbo 15°C tó bá lé sí i ń gé ọjọ́ ayé gírísì náà sí nǹkan bí ìdajì. Ọwọ́ èèyàn á kàn sọ pé "ó gbóná" ni. Kò mọ 75 yàtọ̀ sí 90.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ ńkọ́? Ìkìlọ̀ ò ní dé nìyẹn. Èmi á ra sẹ́ńsọ̀ fún mọ́tò ńlá tó jẹ́ pé bó bá kú, iṣẹ́ dúró. Fáànù kékeré? Etí ọ̀gá tó o.