5G n'Ìbàdàn: ó ti wọ ìlú, àdúgbò yín ńkọ́?

Ìbàdàn kì í ṣe ará ẹ̀yìn tó bá di ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tó yára. Ibí ni ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Smile ti kọ́kọ́ gbé 4G rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2013. Ibí náà ni Airtel ti bẹ̀rẹ̀ 4G tirẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2018. Nígbà tí MTN sì ṣí 5G ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ dárúkọ. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbé lápá Omi-Àdió tàbí lẹ́yìn Mọ́níyà lè ṣì máa na fóònù sí ojú fèrèsé kí fọ́tò kan ṣoṣo tó lọ lórí WhatsApp. Òótọ́ ni ìkéde yẹn, òótọ́ sì ni ìyà ẹni tó wà lójú fèrèsé. Orúkọ ìlú ni ilé-iṣẹ́ ń kéde, ṣùgbọ́n òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan ni òṣìṣẹ́ wọn ń gùn. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló para pọ̀ di Ìbàdàn, márùn-ún nígboro, mẹ́fà yí wọn ká. Ohun tí wọ́n bá so mọ́ òpó kan ní Bódìjà kò lè ran ẹni tó wà l'Ólódó lọ́wọ́. Ojú ẹni tó ń retí la fi wo iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ojú ẹni tó ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n rà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, ta ìgbì rédíò 3.5 GHz tí 5G ń lò. MTN àti ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Mafab ló rà á, mílíọ̀nù 273.6 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn san fún 100 MHz. Airtel ra tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ìgbì yìí fẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè gbé dátà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ìgbì 800 MHz tó wà lára èyí tí 4G ń lò lè rin kìlómítà mélòó kan, kó sì gba ara ògiri kọjá. Láàárín ilé tó há mọ́ra, 3.5 GHz kì í sábà rìn ju bíi kìlómítà kan lọ, ògiri búlọ́ọ̀kù méjì sì tó láti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Páánù orí ilé àti irin ojú fèrèsé tún ń dá kún un. Ìlú olókè sì ni ìlú wa. Ẹni tó wà lórí Òkè Àrẹ̀mọ lè máa wo òpó mẹ́ta lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹni tó wà ní kòtò Ògùnpa nísàlẹ̀ má rí ẹyọ kan. Nítorí èyí, ilé méjì tí kò ju mítà 300 síra wọn lè máa sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ kan náà, kí kò sì sí ẹni tó purọ́ nínú wọn.

Iṣẹ́ orí òpó kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń tẹ bọ́tìnnì sí. Ántẹ́nà 5G wúwo nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ rédíò wà. Ẹyọ kan lè tó kílò 20 sí 40, mẹ́ta ni òpó kan sì sábà máa ń gbé kó lè kọjú sí apá mẹ́ta. Wọ́n ní láti mọ̀ bóyá òpó náà lè gbé e. Ó tún ń jẹ iná sí i: bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé 2G, 3G àti 4G tẹ́lẹ̀ lè máà tó mọ́. Èyí tó máa ń dá wọn dúró jù ni ọ̀nà ẹ̀yìn, ìyẹn ohun tó so òpó mọ́ ilé-iṣẹ́. Bó bá jẹ́ okùn fíbà ló dé ìdí òpó, ó bùṣe. Bó bá jẹ́ àwo roboto tó ń ju ìgbì sí òpó mìíràn ni, àyè inú rẹ̀ kéré sí ti fíbà, òjò ńlá sì lè dín in kù. Òpó tó gbé 5G sórí, tí ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ há, dà bíi táńkì ràgàjì tó jẹ́ páìpù tíntín ló ń pọn omi sí i. Ẹ óò rí àmì 5G lójú fóònù, ẹ kò ní í rí eré rẹ̀. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ìgbì 3.5 GHz lára. Bí òjò bá rọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ọ̀nà ẹ̀yìn tàbí iná ni kí ẹ fura sí. Bí katakata tó ń la ọ̀nà bá sì já fíbà, àdúgbò mẹ́ta mẹ́rin lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí gbogbo òpó wọn ṣì dúró digbí.

Ó sì máa ń burú díẹ̀ kó tó dára. Nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n lè pa òpó fún wákàtí mélòó kan, àwọn òpó tó wà nítòsí á sì gba èrò tó ju agbára wọn lọ. Wọ́n tún lè mú lára ìgbì tí 3G ń lò fún 4G. Ẹni tó ń lo fóònù 3G ni èyí ń lù jù: ti ẹlòmíràn ń dára, tirẹ̀ ń bàjẹ́, kò sì ní í padà sí bó ṣe wà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dúró de ìyípadà kankan, fóònù ni kó pààrọ̀. Láti ọdún 2025 ni NCC ti pàṣẹ pé bí ilé-iṣẹ́ bá mọ̀ pé òun fẹ́ pa iṣẹ́, kó sọ fún oníbàárà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, àti pé bí ìdákẹ́jẹ́ ńlá bá kọjá wákàtí 24, kó san ohun tó bá a mu padà, bíi kó fi ọjọ́ kún ọjọ́ tí dátà máa parí. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ béèrè rẹ̀.

Kí ẹ tó dá òpó lẹ́bi, ẹ wo ọwọ́ yín. Síìmù tí ẹ ti ń lò láti ìgbà 3G lè máà gba 4G, ká má tíì sọ 5G. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú NIN yín. Nọ́ńbà kò ní í yí. Fóònù ní láti ní n78, orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbì 3.5 GHz nínú ìwé fóònù. Ẹni tó ń ra fóònù tòkunbọ̀ ní Queen Cinema, kó wá nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó sanwó, torí orúkọ kan náà lè ní módẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí ìgbì wọn yàtọ̀. Fóònù tí ẹni tó ṣe é kì í tà ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, bíi Google Pixel, lè ní n78 kí sọ́fítíwíà rẹ̀ má gbà á láyè níbí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ Settings, ibi nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ yan èyí tó ní 5G nínú, kí ẹ sì tan VoLTE, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ìpè gba orí 4G. Bí VoLTE bá wà ní pípa, ìpè kan péré tó bá wọlé á fa fóònù sọ̀kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G, dátà yín á sì dúró títí ọ̀rọ̀ á fi parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ìyẹn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú, bẹ́ẹ̀ inú fóònù wọn ló wà.

Ìdánwò ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fara balẹ̀ sí i. Máàpù ilé-iṣẹ́ ìṣirò ni wọ́n fi yà á, kò mọ iye ògiri ilé yín. Ti ááppù nPerf àti Opensignal sàn díẹ̀, torí ohun tí fóònù àwọn ènìyàn rí ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí èèyàn kò pọ̀, òfìfo ni ẹ máa bá. Kí ẹ lè rí nọ́ńbà ìgbì lójú fóònù yín, lórí Android, ẹ tẹ *#*#4636#*#*. Lórí iPhone, *3001#12345#*, kí ẹ sì pè é bí ẹní ń pe nọ́ńbà. Kì í ṣí lórí gbogbo Android. Àwọn ááppù ọ̀fẹ́ wà tó ń fi nọ́ńbà kan náà hàn. RSRP ni agbára ìgbì. Àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀: -80 dára gan-an, -95 ṣì ṣeé lò, tó bá ti dé -110, ẹ ń fi agídí lò ó ni. SINR ni bí ìgbì náà ṣe mọ́ tó: ó kọjá 20, ó mọ́ gaara, ó wà lábẹ́ 0, ariwo ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ ka méjèèjì pọ̀. Bí RSRP bá burú, ọ̀nà ló jìn tàbí ògiri ló dí i. Gíga àti fèrèsé lè tún un ṣe. Bí RSRP bá dára tí SINR burú, òpó méjì ń kígbe lé ara wọn lórí. Ẹ gbé ráútà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé kejì kí ògiri lè bo ọ̀kan nínú wọn. Bí méjèèjì bá dára, tí íntánẹ́ẹ̀tì ń sáré ní aago mẹ́fà àárọ̀ ṣùgbọ́n tó ń rá pálá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, èrò ló pọ̀ lórí òpó tàbí ọ̀nà ẹ̀yìn ló há. Kò sí ántẹ́nà tí ẹ lè rà tó máa wo èyí sàn. Torí náà, ẹ dán an wò lárọ̀ọ́, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, níbi tí ẹ ti máa lò ó gan-an. Ẹ má kàn wo àmì 5G. Orí 4G ni ọ̀pọ̀ 5G wa jókòó lé, àmì náà sì lè hàn nígbà tó jẹ́ pé 4G ló ń gbé dátà. Ẹ ṣọ́ dátà yín pẹ̀lú: ìdánwò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lórí eré 200 Mbps á jẹ 250 MB kó tó kan èyí tó ń lọ láti ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀ẹ̀kan nígbà kọ̀ọ̀kan tó.

Ráútà 5G ńkọ́? Ìdájọ́ wa kò le: ẹ má rà á nítorí pé orúkọ Ìbàdàn wà nínú ìwé. Ẹ fi fóònù 5G ẹnìkan dán an wò nínú pálọ̀ yín kí owó tó jáde. Bí 5G bá dúró láìyẹsẹ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ rà á, ẹ máa gbádùn rẹ̀, pàápàá bí ilé bá ní èèyàn mẹ́rin márùn-ún tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀. Bó bá ń wá tó ń lọ, owó ráútà 4G tó dára ló yẹ kí ẹ ná. Ẹ yan èyí tó ní ihò ántẹ́nà lẹ́yìn, tó gba ìgbì ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lò, tí kò sì tì mọ́ ilé-iṣẹ́ kan. Okè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lójú fèrèsé tó kọjú sí òpó, ni ipò rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yìn fíríìjì. Bí ẹ bá gbé ántẹ́nà sórí igi kó lè ga ju páánù lọ, kí wáyà rẹ̀ má gùn, torí wáyà gígùn á jẹ ohun tí gíga mú wá. Ẹ sá fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà pé ó ń fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbára tí NCC kò fọwọ́ sí. Ó lè da ìgbì àdúgbò rú.

Bí fóònù bá ń fò láti 5G sí 4G ṣáá, bátìrì á tètè kú, ìpè fídíò á sì máa já. Ẹ pa 5G, kí ẹ dúró lórí 4G. Ẹ lè yan LTE only, ìyẹn 4G nìkan, nínú *#*#4636#*#*, ṣùgbọ́n bí VoLTE kò bá ṣiṣẹ́ lórí fóònù yẹn, ẹni tó bá ń pè yín kò ní í bá yín. Fún ìpàdé orí Zoom, nǹkan bíi 3 Mbps ní lílọ àti ní bíbọ̀, tí kò yẹsẹ̀, wúlò ju 100 tó ń já lọ.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ẹ ra síìmù kejì ti ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ fi ṣe ìdánwò ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, síìmù kejì yẹn gan-an ni ojútùú: nọ́ńbà báńkì dúró síbi tó wà, dátà ń wá láti ibòmíràn. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbé nọ́ńbà lọ, ẹ san gbèsè káàdì tí ẹ yá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tuntun, ẹ fi PORT ránṣẹ́ sí 3232. Ẹ ò lè tún gbé e kúrò títí iye ọjọ́ tí òfin NCC là sílẹ̀ á fi pé.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. NCC gbà kí owó ìpè àti dátà lè gòkè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìíní ọdún 2025, 5G kò sì dín dátà tí fídíò ń jẹ kù. Ó ń fi kún un, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti yára, ááppù á gbé àwòrán sókè fúnra rẹ̀. Wákàtí kan fídíò HD lè jẹ 3 GB. Ẹ ti ìwọ̀n àwòrán mọ́ 480p kí oṣù tó ka yín mọ́.

Tó bá di ẹjọ́, 300 ni ẹ óò kọ́kọ́ pè. Ẹ má sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ẹ sọ àdúgbò àti òpópónà, àkókò tó ń ṣẹlẹ̀, RSRP àti SINR, àti nọ́ńbà Cell ID tó wà lójú ibi tí ẹ ti rí RSRP, torí òun ló ń sọ òpó tí ẹ wà lórí rẹ̀ fún wọn. Bí aládùúgbò márùn-ún bá pè pẹ̀lú Cell ID kan náà, ó ṣòro láti sọ pé fóònù yín ló bàjẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, nọ́ńbà yẹn ni ẹ óò kà fún NCC lórí 622, tàbí kí ẹ mú lọ sí ọ́fíìsì wọn tó wà n'Ìbàdàn níbí.