Okùn líìdà àti fláì tí mo ń lò ní ìsédò Omi: èyí tó tó owó rẹ̀ àti èyí tí kò tó o

Bí owó ọwọ́ yín bá tó ra ohun kan ṣoṣo nínú ẹrù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, okùn fluorocarbon, oríṣi okùn ìpẹja oníke kan tó mọ́ gaara, ni kí ẹ rà. Ẹ fi àpótí fláì aláràbarà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń lo gbogbo rẹ̀ létí ìsédò Omi, ní Ejiba wa níbí, níbi tí wọ́n ti sé odò Kampe kí omi lè máa dé oko ìrẹsì, ohun tí ojú mi rí lára rẹ̀ ni mo sì ń sọ.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ránṣẹ́. Ẹja trout lòun ń pa níbẹ̀, ní Grafham Water, omi ìsédò tí wọ́n ṣí fún àwọn apẹja ní 1966. Trout kì í ṣe ẹja ilẹ̀ Yàgbà. Omi tútù ló máa ń wá. Bí omi bá ti ń gbóná kọjá nǹkan bí 20°C, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Epìyà ni tèmi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pa trout nínú omi tí kò ṣàn lè mú epìyà tiwa. Ó mú un, àfi níbi méjì tí mo máa kàn tó bá yá.

Fún ẹni tó jẹ́ pé ìwọ̀ àti ekòló nìkan ló mọ̀: fláì ni ìwọ̀ kékeré tí wọ́n fi ìyẹ́, irun àti òwú wé kó lè jọ kòkòrò. Kò wúwo rárá, kò sì sí òjé tí yóò gbé e lọ síwájú. Okùn ńlá kan tí wọ́n fi rọ́bà bò lẹ ń jù, ìwúwo okùn yẹn ló ń gbé fláì lọ. Líìdà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó nípọn níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ okùn ńlá, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i títí dé ọ̀dọ̀ fláì, kí agbára apá yín lè máa rọra bá a lọ, kó sì nà gbọọrọ sójú omi. Bí líìdà ò bá dára, gbogbo rẹ̀ á wó jọ gbàgà sójú kan, epìyà á sì ti sá lọ.

Ohun tó wà nínú ẹrù náà ni líìdà mẹ́ta tí wọ́n ti ṣe tán láti ilé iṣẹ́, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, róòlù okùn náílọ́ọ̀nù kan, róòlù fluorocarbon kan, àti àpótí fláì. Lára líìdà tí wọ́n ti ṣe tán ẹ máa rí nọ́ńbà pẹ̀lú lẹ́tà X. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga sí i ni ẹnu okùn ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i: 0X jẹ́ ínṣì 0.011, 5X jẹ́ ínṣì 0.006. 4X ni mo fẹ́ràn jù fún epìyà.

Náílọ́ọ̀nù kò burú, ó sì dínwó gan-an. Àmọ́ ó ń mu omi, bó bá sì ti mu omi, agbára rẹ̀ á dín kù. Oòrùn náà ń bà á jẹ́, ẹ sì mọ irú oòrùn tó máa ń ràn ní ìpínlẹ̀ Kogi láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin. Fluorocarbon kì í mu omi, oòrùn kì í sì í tètè bà á jẹ́. Ó tún wúwo ju omi lọ dáadáa, ìwọ̀n rẹ̀ sí ti omi jẹ́ nǹkan bí 1.78, nígbà tí ti náílọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 1.14, nítorí náà fúnra rẹ̀ ló máa ń rì. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá sún mọ́ ti omi ju ti náílọ́ọ̀nù lọ, kò sì rọrùn fún ẹja láti rí i. Nígbà òjò, tí omi Omi pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà, èyí ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ti tòrò tí ẹ̀yin gan-an ń rí òkúta nísàlẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ìyàtọ̀. Mo so náílọ́ọ̀nù àti fluorocarbon ní àárọ̀ kan náà, níbì kan náà, pẹ̀lú fláì kan náà. Epìyà ń wá wo ti náílọ́ọ̀nù, wọ́n á sì yí padà. Ti fluorocarbon ni wọ́n gbé mì.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án kéré fún omi ìsédò, torí náà mo máa ń fi fluorocarbon kún un títí yóò fi tó nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ń so fláì mẹ́ta mọ́ ọn, ó sì máa ń jìnnà sí ara wọn. Méjì ni mo ń so, torí àwọn igi tó rì sínú omi níbí pọ̀, fláì kẹta kàn ń wá ohun tó máa há sí ni. Láti so okùn méjì pọ̀, ẹ gbé wọn lé ara wọn, ẹ fi méjèèjì ṣe òrùka, ẹ ki orí wọn gba inú òrùka náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wá fi itọ́ rin ín dáadáa kí ẹ tó rọra fà á ṣinṣin. Itọ́ yìí ṣe pàtàkì gidigidi: bí ẹ bá fà á ní gbígbẹ, ó máa gbóná níbi kókó, ibẹ̀ náà ló máa já nígbà tí ẹja ńlá bá gbé e. Okùn méjì ló máa yọ lára kókó náà. Ẹ gé èyí tó kọjú sókè, ẹ jẹ́ kí èyí tó kọjú sísàlẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́ kan àtàbọ̀, orí rẹ̀ lẹ máa so fláì kejì mọ́.

Okùn tó ti pẹ́ lára róòlù máa ń ká jọ. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì nà án kí ẹ tó jù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ po amọ̀ díẹ̀ mọ́ ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, kí ẹ fi pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rá ọwọ́ tó wà lára okùn ni kì í jẹ́ kó rì. Amọ̀ yẹn á fọ̀ ọ́ kúrò, kò sì ní máa dán lójú omi mọ́. Àwọn òyìnbó ń ra amọ̀ yìí nínú ike kékeré. Tiwa wà létí omi lọ́fẹ̀ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ń fẹ́ wá sójú yín, ẹ gé líìdà kúrú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní nà.

Ó wá ku fláì. Púpọ̀ nínú èyí tó wà nínú àpótí náà pupa fòò tàbí kí ó dàbí ọsàn, wọ́n ń pè wọ́n ní blob. Ìdí tí trout fi ń lé wọn ni pé oko ọ̀sìn ẹja ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú trout àwọn omi ìsédò yẹn wá, ohun tó bá ń yára kọjá lójú wọn ni wọ́n máa ń gbá mú. Epìyà Omi ò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọn ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ibi àkọ́kọ́ tí ọgbọ́n ọ̀hún ti kùnà nìyẹn.

Kí n lè mọ èyí tí wọ́n fẹ́, mo lọ bá ìyá kan tó máa ń la ẹja létí ìsédò. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo ohun tó wà nínú epìyà yẹn.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìfun ẹja lo fẹ́ rà?” Àmọ́ wọ́n fún mi. Ewédò aláwọ̀ ewé ló pọ̀ jù, àwọn ìdin tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú àti pupa sì wà láàárín rẹ̀. Ìdin kantíkantí tí kì í jẹni, tó máa ń gbá jọ lójú omi ní ìrọ̀lẹ́, nìyẹn. Òun gan-an ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àwòkọ rẹ̀ sí fláì tí wọ́n ń pè ní buzzer. Mo so buzzer dúdú tí ìwọ̀ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 14 sí ìsàlẹ̀, mo so fláì míì tí wọ́n ń pè ní Diawl Bach sókè, mo jù ú, mo sì jẹ́ kó rì. N kò fà á rárá, àfi kí n máa ká okùn tó bá dẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Èyí tó ṣe bí ọmọ lámilámi inú omi, aláwọ̀ ewé, náà dára létí koríko.

Irin ìwọ̀ àwọn fláì yìí ni mo bínú sí. Ó tín-ín-rín jù. Àrọ̀ ńlá kan na ọ̀kan gbọọrọ ó sì lọ, àwọn míì sì ti ń dípẹtà.

Ibi kejì tí kò ti ṣiṣẹ́ ni ọ̀dọ̀ ẹja eléyín mímú. Bí ẹ bá gbé e lọ sí odò Ọya ní Lọ́kọ́jà, kò sí fluorocarbon tó lè dúró níwájú eyín wọn, àfi kí ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìkangun líìdà.

Ẹ má sì ṣe bí àwọn tó wà nínú àwòrán ara páálí náà, tí wọ́n rìn wọ inú omi dé ìbàdí. Omi tí kò ṣàn tí ìgbín omi wà nínú rẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń ranni. Orí òkúta ni kí ẹ dúró sí. Okùn tí ẹ bá gé, ẹ kó o dání lọ sílé, kì í jẹrà, lékèélékèé sì máa ń fi ẹsẹ̀ kó o.

Mo ti sọ fún àbúrò mi pé kó má fi fláì ránṣẹ́ mọ́. Róòlù fluorocarbon méjì ni mo fẹ́, àti ìwọ̀ òfìfo onírin líle, nọ́ńbà 12 àti 14. Ìyẹ́ ẹtù pọ̀ ní ọjà Kàbà, òwú dúdú sì wà lọ́dọ̀ àwọn télọ̀.