Ẹ ṣọ́ra fún afọrùlé tó ń kiri Àkúrẹ́ yìí o!

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí igi ṣíji bo ilé yín, bí ọkùnrin kan bá kanlẹ̀kùn pé òun ń fọ òrùlé, pé òun ní òògùn tó ń pa nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lórí páànù, tí kò sì ní hù mọ́ láéláé, ẹ lé e jáde. Ẹ má jẹ́ kó gun àkàbà. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. ₦180,000 ló gbà lọ́wọ́ mi, ó sì ba òrùlé mi jẹ́ ju bó ṣe bá a lọ.

Stone-coated ni òrùlé wa, páànù tí wọ́n lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ lára. Igi máńgòrò aládùúgbò ya wọ̀ ọ́ lápá ẹ̀yìn, oòrùn kì í débẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó nípọn bíi kápẹ́ẹ̀tì. Òjò Àkúrẹ́, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, ibi tí kò bá rí oòrùn kì í gbẹ. Ìyàwó bùrọ̀dá mi bi mí lójú àlejò pé ṣé a ti kó kúrò nílé yìí ni. Ojú tì mí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wá ẹni tó máa fọ̀ ọ́.

Ọkùnrin yìí dé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà rọ́bà, ó há fáìlì mọ́ abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, màmá síbí, màmá sọ́hùn-ún. Ó ń fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù, ó ní àwọn ilé ńláńlá Alágbàká tóun fọ̀ nìyẹn. Ó ní Jámánì ni òògùn òun ti ń wá, gàráńtì ọdún márùn-ún. Ó kọ gàráńtì náà sínú ìwé, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Òǹtẹ̀ o! Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ẹ máa ní ó yẹ kí n bèèrè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bèèrè. Ó ní ọ̀nà Oyèmẹ́kùn ni, ó tiẹ̀ júwe ilé epo tó wà nítòsí rẹ̀. Pé mi ò fẹsẹ̀ ara mi débẹ̀ kí n tó sanwó, ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ ta ni nínú yín tó máa ń lọ wo ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kó tó gbéṣẹ́ fún un?

Irú ẹ̀rọ táwọn afọmọ́tò ń lò ló gbé wá. Ó dúró létí òrùlé, ó ń tu omi sókè, omi sì ń wọ abẹ́ páànù níbi tí ọ̀kan ti gorí èkejì. Nígbà tí mo yọjú sẹ́yìnkùlé, òkúta wẹ́wẹ́ dúdú ló kún inú gọ́tà. Mo bù ú lẹ́kúnwọ́, mo na ọwọ́ sí i pé kí nìyí. Ó ní, “Màmá, ìdọ̀tí ni.” Ìdọ̀tí kẹ̀! Òkúta tí mo fowó rà ni, tó ń dáàbò bo páànù! Lẹ́yìn ìyẹn ló wá gbé kẹ́ẹ̀gì búlúù jáde, kò ní orúkọ, kò ní ìwé kankan lára. Ó wọ́n ọn síbẹ̀, òórùn bílíìṣì gba gbogbo àdúgbò. Ewúro tí mo gbìn sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rọ, ó kú. Bílíìṣì tí wọ́n bu omi là, tó kún Ọjà Ọba, òun ló pè ní òògùn Jámánì!

Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀, omi já sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Àjà POP tó funfun nini ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Mo pè é, ó ní òun ti wà lọ́nà. Mo tún pè é, ó ní ọmọ òun ń ṣàìsàn. Nígbà tó yá, fóònù ò lọ mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, nǹkan aláwọ̀ ewé náà hù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an, ibi tí òkúta ti ṣí sì ti ń dógùn-ún. Ọdún márùn-ún dà? Olè ni. Ẹni tó gun orí ilé ẹni lọ́sàn-án gangan láti bà á jẹ́, tó tún gbowó ẹ̀, olè ni!

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí òògùn tó ń lé nǹkan aláwọ̀ ewé yìí lọ láéláé. Atẹ́gùn ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri, ó kéré débi pé ojú ò rí i, ibi tó bá ṣú tó sì tutù ló ń bà sí. Ẹ gé ẹ̀ka igi kí oòrùn lè wọlé, ẹ máa kó ewé jábọ́ kúrò lórí òrùlé àti nínú gọ́tà. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí wọ́n fi ha nǹkan náà, láti òkè wá sísàlẹ̀, kí wọ́n má tu omi sókè. Bílíìṣì ń jẹ páànù alumíníọ̀mù, ẹ má gbà á. Tó bá jẹ́ asbẹ́stọ́ọ̀sì àtijọ́ ló wà lórí ilé yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ha á tàbí kó fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwọn kan máa ń kan síǹkì pẹlẹbẹ mọ́ ṣóńṣó òrùlé, kí òjò máa fọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń dí nǹkan aláwọ̀ ewé náà lọ́wọ́ láti hù. Kí ẹ má sì sanwó tán kí òjò tó rọ̀ sí iṣẹ́ náà.

Èmi ò gba oníṣẹ́ ọwọ́ kankan gbọ́ mọ́ nílùú yìí. Ẹni tó ń ta páànù, ẹni tó ń kàn án, ẹni tó ń kun ún, bákan náà ni gbogbo wọn. Bí olóòótọ́ bá wà nínú wọn, kó fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ síta.

Ìwé gàráńtì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, òǹtẹ̀ rẹ̀ pupa. Ẹni tó bá ti gba irú rẹ̀, kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ká jọ kó o lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ń lọ ó ń bọ̀ nínú Àkúrẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lápá Alágbàká pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì búlúù yẹn.